Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ kò sun èédú

Wọ́n ń pín in lórí WhatsApp ní Àkúrẹ́ pé èédú Enugu tó tán ní ibùdó iná mànàmáná Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ni kò jẹ́ ká ríná. Irọ́ ni. Gáàsì ni ibùdó Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, ní Òkìtìpupa, ń sun. Páìpù tó ti Escravos lọ sí Èkó ló ń gbé e wá. Bí páìpù náà bá bẹ́, tàbí tí gáàsì inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́, tọ́báìnì, ẹ̀rọ tó ń yí láti mú iná wá, á dúró. Ní ibùdó iná Kainji, láti 1968, omi ló ń yí ẹ̀rọ. Omi náà ni wọ́n ń lò ní Jebba àti Shiroro. Ibùdó iná Oji River, tó ń sun èédú tẹ́lẹ̀, ti dákẹ́ tipẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ àdúgbò yín nìkan ló ṣókùnkùn, ẹ pe àwọn oníná kí wọ́n wo fíúùsì tiransifọ́mà. Ẹ má fọwọ́ kàn án fúnra yín.