Ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí nígbà gbogbo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ kọ ọ́ pé ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó ṣáà sá fún ṣúgà, kó máa mu àgbo. Lóòótọ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí ń fa ẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà ń fà á, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí ìgbẹ́ èèyàn bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí inú ń run ún, tó ń rù láìnídìí, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Dókítà á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà wo inú ìfun, á gé díẹ̀ lára ohun tó bá rí, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ni òótọ́ ti ń jáde.

Ẹ tún ní àìsàn arúgbó ni jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Chadwick Boseman, òṣèré Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 43 péré ni nígbà tí jẹjẹrẹ yìí pa á ní 2020.

Bí wọ́n bá tètè rí i, iṣẹ́ abẹ nìkan lè tó; bó bá ti ràn kiri, wọ́n á fi oògùn jẹjẹrẹ kún un. Gbogbo oṣù tí ẹni náà fi ń mu àgbo, ńṣe ni jẹjẹrẹ náà ń dàgbà nínú rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ bá wa tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ.