Ó Rẹ̀ Wọ́n Lóòótọ́, Àmọ́ Ilé Tẹ́tẹ́ Ti Mọ̀

Tí sáà NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti Amẹ́ríkà, bá ti wọra báyìí, àwọn tó ń ta kóòdù lórí Telegram á bẹ̀rẹ̀ orin wọn: "Àná làwọn yìí gbá gémù, ó ti rẹ̀ wọ́n, ẹ fowó lé àwọn tó sinmi, ẹ lọ sùn." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Èmi ò rí owó níbẹ̀.

Kì í ṣe pé mò ń jiyàn àárẹ̀ o. Gémù 82 láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹgbẹ́ kan lè gbá ní Portland lálẹ́ òní, kí wọ́n wọ bàlúù lóru, kí wákàtí kan tún sọnù lọ́nà torí pé aago ìlú méjèèjì ò dọ́gba, kí wọ́n sì jáde lálẹ́ ọjọ́ kejì ní Denver, ìlú tó fi ẹsẹ̀ bàtà 5,280 ga ju òkun lọ, níbi tí èémí kì í ti í tó àlejò. Ẹ wo irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní kọ́tà kẹrin. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù ò ní dé ibi tó yẹ kó dé, etí iwájú apẹ̀rẹ̀ ló máa máa lù. Wọn ò sì ní lè sáré padà wá dílé. Àjọ NBA fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀: ní sáà 2017–18, wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sáà kí ẹgbẹ́ kankan má baà gbá gémù mẹ́rin láàárín ọjọ́ márùn-ún mọ́.

Àmọ́ ta ni kò mọ̀? Oṣù kẹjọ ni ètò gbogbo gémù sáà máa ń jáde. Ilé tẹ́tẹ́ ti mọ ẹni tí yóò gbá lọ́jọ́ méjì léra, ìlú tí wọ́n ti ń bọ̀, àti iye ọjọ́ tí ẹni tí wọ́n fẹ́ pàdé ti fi sinmi. Ẹgbẹ́ tí wọn ì bá fún ní háńdíkáàpù −6.5 (ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ayò 7 borí kí ẹni tó mú un tó jẹ) ká ní ó sinmi, wọ́n lè kọ −4.5 sí i lára, kó wá jẹ́ pé ayò 5 péré ló nílò láti fi borí. Wọ́n ti ka àárẹ̀ mọ́ iye náà kí ìwọ tó ṣí fóònù rẹ. Ẹni tó wá gbé ìròyìn àárẹ̀ lọ bá wọn dà bí ẹni tó gbọ́ pé tòmátò ti wọ́n, tó sáré lọ sí Mile 12 pé òun fẹ́ ra á ní iye tó wà lánàá. Tí ọ́ọ̀dì bá sì jẹ́ 1.90 (o fi náírà 100 ta, o gba 190 tó bá wọlé), o gbọ́dọ̀ mú tó ìgbà 53 nínú 100 kí owó rẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í lé.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti yà mí lẹ́nu. Lọ́dún 2010, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Ashman, Bowman àti Lambrinos, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àárẹ̀ àti tẹ́tẹ́ NBA. Wọ́n rí i pé ẹgbẹ́ tó gbá gémù lánàá, tó wá ń gbá nílé lónìí, tó sì pàdé àlejò tó ti sinmi ọjọ́ kan tàbí méjì, kì í sábà dé ibi tí háńdíkáàpù fi í sí. Nílé o! Èrò tèmi ni pé àlejò ni gbogbo èèyàn ń káàánú. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ilé ni ẹgbẹ́ kan wà, wọ́n á gbàgbé pé ó ṣeé ṣe kí bàlúù ṣẹ̀ṣẹ̀ já wọn sílẹ̀ láàárín òru. Mo fẹ́ràn ìwádìí yẹn gan-an ni. Àmọ́ ohun tí wọ́n ti tẹ̀ jáde fún gbogbo ayé láti 2010, ṣé ilé tẹ́tẹ́ nìkan ni kò ní kà á ni?

Ohun tó tún ń já tíkẹ́ẹ̀tì ni pé kéèyàn pàdánù gémù yàtọ̀ sí kéèyàn pàdánù háńdíkáàpù. Ẹgbẹ́ tó rẹ̀ lè fi ayò 20 wà lẹ́yìn, kí kóòṣì àwọn tó ń borí wá kó àwọn àgbà rẹ̀ jókòó, kí àwọn ọmọ orí bẹ́ǹṣì máa gbá a bó ṣe wù wọ́n, kí ayò 20 di 9. Wọ́n pàdánù, síbẹ̀ ẹni tó mú +10.5 (tó ní wọn ò ní fi ju ayò 10 pàdánù) ti jẹ ẹ́. Ẹ rántí San Antonio Spurs ní oṣù kọkànlá 2012. Gémù kẹrin láàárín ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fẹ́ gbá, ní Miami, lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife. Kóòṣì wọn, Gregg Popovich, ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù pàtàkì rẹ̀, Duncan, Parker, Ginobili àti Green, máa wọ bàlúù lọ sílé. David Stern, ọ̀gá àgbà NBA nígbà náà, bínú, ó bu owó ìtanràn dọ́là 250,000 lé wọn. Ìpakúpa ni gbogbo èèyàn ń retí. 105–100 péré ni Miami fi borí, Spurs ló sì wà níwájú títí gémù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Tí nǹkan kan bá wà tí mo máa wò, orúkọ ẹni tí kò ní gbá ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ tó rẹ̀. Tó bá jẹ́ gémù kejì nínú ọjọ́ méjì léra, aago kan ọ̀sán ọjọ́ gémù ni ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kéde àwọn tó fara pa tàbí tó fẹ́ sinmi. Tí ọmọ wa Giannis (Adétókunbọ̀ ni orúkọ ìdílé wọn, bí àwọn ará Gíríìsì tilẹ̀ kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n) bá wà lára wọn, kí o tó ṣẹ́jú, háńdíkáàpù ti yí padà. Láti sáà 2023–24, ẹni tí kò bá tó gémù 65 ò lè gba àmì ẹ̀yẹ ńlá bíi MVP (ti agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ ní sáà), ìyẹn náà ti ń lé àwọn kan wọ pápá lálẹ́ tí wọn ì bá fi jókòó. Aago kan ọ̀sán ní New York, aago méje alẹ́ ni l'Èkó nígbà òtútù wọn. Ìwọ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ láti ọ̀sán, gémù méjìlá nínú ẹyọ kan. Aago kan òru ni gémù máa bẹ̀rẹ̀, o tún máa jókòó wò ó, o sì máa lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Tí a bá ń sọ ẹni tó rẹ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta kóòdù àárẹ̀, ẹ gbé àkọsílẹ̀ sáà kan síta, gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì pátá, èyí tó wọlé àtèyí tó já. Ká jọ kà á.