Alábàárù ru àpò ìrẹsì, wọ́n ní iṣẹ́ òdo ló ṣe?

Ìyá Ìbejì Kubwa: Ẹ bá mi dá sí i o. Ìbéèrè físíìsì ọmọ mi nìyí: alábàárù ru àpò ìrẹsì 50 kg, ó fi rin mítà 100 lórí ilẹ̀ títẹ́jú ní ọjà Wuse. Iṣẹ́ mélòó ni ipá tó fi gbé àpò náà ró ṣe? Ọmọ kọ 50,000 joule. Tísà fagi lé e, ó ní òdo ni. Òdo kẹ̀! Owó wo wá ni mò ń san fún wọn?

Tísà Gwarinpa: Òdo náà ni, mà. Òkè ni ipá yẹn kọjú sí, iwájú sì ni àpò ń lọ. Bí nǹkan ò bá sún síhà ibi tí ipá kọjú sí, a kì í ka iṣẹ́ fún un.

Bọ̀dé Nyanya: Ẹ̀yin tísà ò ru ẹrù rí! Òógùn tó ń dà lọ́rùn ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?

Tísà Gwarinpa: Ọ̀gá Bọ̀dé, òógùn ò purọ́. Iṣan ń sunkì, ó ń dẹ̀, ó ń jó oúnjẹ ara, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ sì ń di ooru. Àpò ò rí nǹkan kan gbà nínú ẹ̀. Ẹ gbé àpò kan náà sórí tábìlì di ọ̀la, tábìlì ò ní bèèrè oúnjẹ.

Alhaja Mararaba: Àwọn tó ń gbé e sókè sínú ọkọ̀ mi ńkọ́? Owó tiwọn mà gbówó lórí o.

Tísà Gwarinpa: Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, Alhaja. Bí ọkọ̀ bá ga ní mítà 1.5: 50 × 10 (ti òòfà ilẹ̀) × 1.5, ó di 750 joule fún àpò kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Bwari: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ku kiní kan. Nígbà tó ń gbéra láti ìdúró, ó ní láti ti àpò síwájú. Bó bá dé mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, joule 25 ti wọ inú àpò.

Tísà Gwarinpa: O káre. Nígbà tó bá fẹ́ dúró ńkọ́? Á fà á sẹ́yìn, 25 yẹn á sì jáde. Àròpọ̀ ẹ̀, òdo.

Bọ̀dé Nyanya: Mai ruwa tó ń ti ọmọlanke, òdo lòun náà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Bwari: Rárá, bọ̀dá. Iwájú ló ń tì í sí, iwájú ló ń lọ. Ká ní ó fi ipá 60 newton tì í fún mítà 100, 6,000 joule nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Kubwa: Ṣé ẹ rí i pé ìbéèrè yẹn ò pé? Wọn ò sọ bóyá ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀. Máàkì 2 ni, mò ń lọ bá wọn ní Mọ́ńdè.

Tísà Gwarinpa: Ẹ lọ jẹ́jẹ́ o, mà. Ipá tó gbé e ró ni wọ́n bèèrè. 50,000 ò sì sí níbì kankan nínú ẹ̀.