Ta Ni Yóò Buwọ́ Lùwé Fún Ọmọ Tí Òbí Rẹ̀ Kò Sí Nítòsí?

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn kan ní Àgbádárìgì lóru, tí wọn kò ṣiṣẹ́ abẹ fún títí ilẹ̀ fi mọ́, kò yà wá lẹ́nu. Ó dùn wá ni. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló gbé e lọ, ìró tí màmá náà fi ń yan ẹja ṣì wà nídìí rẹ̀. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí wọn pé òun yóò tẹ̀ ẹ́ síwèé ìyọ̀nda iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní àfi ìyá tó bí ọmọ. Ìyá ọmọ sì rèé, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin ló wà níbi tó ti ń ṣòwò, fóònù rẹ̀ kò wọlé.

A ti sọ ọ́ lójú ewé yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé òfin kò wí bẹ́ẹ̀. Òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 kà á léèwọ̀ láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ìdí yòówù kó jẹ́. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Ní ọdún 2019, nínú ẹjọ́ ọmọ jòjòló kan tí ìyá rẹ̀ kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára nítorí ẹ̀sìn, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní àgbàlagbà lè kọ ìtọ́jú fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè torí ìgbàgbọ́ rẹ̀ fi ẹ̀mí ọmọ wewu. Bí òbí tó dúró síbẹ̀ tó ń kọ̀ kò bá lè dí ìtọ́jú lọ́wọ́, báwo ni ti ẹni tí kò kàn sí nílé ṣe wá di òkè ìṣòro?

A kò ní kí dókítà máa la ikùn ọmọ ọlọ́mọ láìbéèrè. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni lójú òfin Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì tọ́ kí òbí rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú ẹnubodè bí tiwa, mélòó ni ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, mélòó ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá?

Àwọn aláṣẹ tún ti gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Kí ni wọ́n tún fẹ́ wádìí? Ojú ìwé kan péré ni à ń bèèrè láti ọjọ́ yìí: kí ó sọ alágbàtọ́ tó lè buwọ́ lùwé bí òbí kò bá sí, kí ó sì sọ dókítà tí yóò pàṣẹ bí kò bá sí ẹnì kankan rárá. Kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Yorùbá àti Ègùn, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì.