Ẹ má so gbogbo Expósito mọ́ baba ńlá kan

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ibi tí ìròyìn yìí ti ní àyẹ̀wò DNA á fi baba ńlá kan ṣoṣo han gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Expósito, mi ò bá yín débẹ̀. Baba ńlá wo? Ọmọ tí wọ́n gbé jù sílẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ní Expósito ní Sípéènì láyé àtijọ́, ó sì di orúkọ ìdílé. Nígbà náà, ilé tó ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń ní àpótí onígi kan tó ń yí nínú ògiri: ìyá á gbé ọmọ sí i láti ìta, á yí i sínú, á lu agogo, á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà nínú ilé ò ní rí ojú rẹ̀. Bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ kan náà! Báwo ni kúrómósómù Y, apá DNA tó ń ti ara bàbá bọ́ sára ọmọkùnrin, ṣe máa wá bára mu? Láàárín àwọn tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé tí kò wọ́pọ̀ ni irú ìbáramu bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gàn orúkọ ọ̀hún tiẹ̀ pọ̀ débi pé láti 1921 ni òfin ti gba ẹni tó bá fẹ́ láyè láti pa á dà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìpínrọ̀ yẹn kọ.