Jammu àti Kashmir: Ẹ Dá Ohun Olóhun Padà

Lóṣù Kẹwàá 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà tún fún ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti fèsì fún àwọn tó ní kí wọ́n dá ipò ìpínlẹ̀ padà fún Jammu àti Kashmir, agbègbè kan ní àríwá Íńdíà. Agbẹjọ́rò ìjọba ní wọ́n ṣì ń fikùn lukùn. Láti oṣù Kẹjọ 2019 tí wọ́n ti gba ipò náà, tí wọ́n sì fi agbègbè náà sábẹ́ ìjọba àpapọ̀! Ìfikùnlukùn wo ló ń gba ọdún mẹ́fà?

A ti ń sọ ọ́ ní abala yìí pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ti òfin. Agbára tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọn ò fẹ́ fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó jogún ilẹ̀ náà gan-an, Karan Singh, fi sílẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó di adelé bàbá rẹ̀, Hari Singh, ọba Jammu àti Kashmir, ní 1949. Wọ́n fòpin sí oyè ìdílé rẹ̀ ní 1952, kò bá ẹnikẹ́ni fà á. Ó gbà kí wọ́n dìbò yan òun ṣe olórí ìpínlẹ̀. Orí ipò yẹn ló wà tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Delhi, lórí èrò ìṣèlú Sri Aurobindo, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Íńdíà. Ní 1967, ó di mínísítà lábẹ́ Indira Gandhi, olórí ìjọba Íńdíà. Owó tí ìjọba ń san fáwọn ọba àná, ó yọ̀ǹda tirẹ̀ kí òfin 1971 tó gbà á lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ààfin Amar Mahal ní Jammu ti di mùsíọ́ọ̀mù àti ilé ìkàwé.

Kì í ṣe ẹni mímọ́ o. Òun ló fọwọ́ síwèé tí wọ́n fi yọ Sheikh Abdullah, olórí ìjọba Jammu àti Kashmir, nípò ní 1953, tí wọ́n sì tì í mọ́lé. Ìwé kíkà kò lè fọ àbàwọ́n yẹn.

Lóṣù Keje 2025, ọmọ-ọmọ Sheikh náà, Omar Abdullah, olórí ìjọba tí aráàlú dìbò yàn, ń gun géètì itẹ́ òkú ní Srinagar bí ọmọ tó fẹ́ jí máńgòrò, kó lè ṣàdúrà fún àwọn 22 tí ẹ̀ṣọ́ Hari Singh yìnbọn pa ní 1931. Ọlọ́pàá ló dí i lọ́nà. Gómìnà tí ìjọba àpapọ̀ ní Delhi yàn ni àwọn ọlọ́pàá ń gbọ́ tirẹ̀, kì í ṣe Omar. Ojú ò tilẹ̀ ti ẹnikẹ́ni ní Delhi!

Wọ́n tún ń fi ìpakúpa tó wáyé ní ìlú Pahalgam ní Kashmir ṣe àwáwí báyìí. Ẹ̀mí 26 ló lọ sí i lóṣù Kẹrin 2025, ó sì dùn wá. Ṣùgbọ́n ta ló ń darí ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà? Kí ìjọba gbé àbá òfin ìdápadà náà lọ sílé aṣòfin ní ìjókòó tó ń bọ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i.