Ògiri Dúdú Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ní ẹ̀yìn ilé wa ní Ilé-Ifẹ̀, ògiri kan ṣì wà tí iná ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997, sọ di dúdú kirikiri. Màmá mi kò gbà kí a kùn ún lọ́dà. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá wá bi àwọn ní ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn yóò fi hàn án. Kò tíì sí ẹni tó wá bi wọ́n.

N kò sọ pé ìjà tiwa tó ohun tí òfin àgbáyé ń pè ní ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn, ìyẹn ìkọlù tó gbòòrò tàbí èyí tí wọ́n ṣètò sí àwọn aráàlú. N kì í ṣe adájọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé a kò ní òfin tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Nàìjíríà tẹ́wọ́ gba Àdéhùn Rome, èyí tó dá Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé sílẹ̀, ní ọdún 2001, ṣùgbọ́n abala 12 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lágbára títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi sọ ọ́ di òfin, wọn kò sì tíì ṣe é. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ló kù, èyí tó máa ń mú ẹni tó yọ àdá, tí kì í sì í sábà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó ṣètò ìparun abúlé odindi.

Àwọn kan yóò ní ìgbìmọ̀ olùwádìí ti tó. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa, tó wádìí bí wọ́n ṣe tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú ní Nàìjíríà, parí iṣẹ́ ní ọdún 2002. Ìjọba kò gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde fún aráàlú.

Ẹ wo Senegal. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ìdánilóró kan Hissène Habré, olórí Chad tẹ́lẹ̀, ní Dakar ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ ní òfin ilẹ̀ àwọn kò fún àwọn lágbára láti dá a lẹ́jọ́. Wọ́n tún òfin ṣe ní 2007, ilé ẹjọ́ ECOWAS sì ní òfin tuntun kò lè padà sẹ́yìn mú un, àfi kí wọ́n gbé ilé ẹjọ́ àkànṣe kalẹ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n tó dá a lẹ́wọ̀n gbére. Ìwé òfin tiwa náà, ní abala 36, kò gbà kí a fi òfin òní jẹ ẹnikẹ́ni níyà fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lánàá. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọdún tí a bá fi falẹ̀ fi ń bọ́ sọ́wọ́ ọ̀daràn.

Mo ṣàlàyé èyí fún màmá mi. Wọ́n wo ògiri náà pẹ́, wọ́n ní, "Ẹ tètè ṣe é nígbà náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé."